Kọ̀ǹpútà ẹ̀dítì fídíò tí kì í pariwo: ìfiwéra àwọn ohun tí a lè fi tò ó nílé

Màmá kan wá sí yàrá iṣẹ́ mi ní Sábó, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti wá ki oríkì ìdílé wọn sínú fídíò tí àwọn ọmọ fẹ́ fi ṣe ìrántí bàbá wọn. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kì í, ohùn wọn ò sì há. Nígbà tí wọ́n parí, mo fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí wọn létí kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Wọ́n tẹ́tí díẹ̀, wọ́n wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń kù èlùbọ́ lẹ́yìn mi?"

Kò sẹ́ni tó ń kù èlùbọ́. Kọ̀ǹpútà mi ló wà lábẹ́ tábìlì, tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́, tí máìkì sì ti gbé e mọ́ ohùn màmá. Mo gbìyànjú láti fi ètò ìyọ-ariwo yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n bí ariwo náà ṣe ń lọ ni ohùn màmá ń dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Mo ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Ó dùn mí gan-an, nítorí oríkì kì í jáde bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n kì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó mú orí mi wú. Nígbà tí wọ́n padà dé, ibẹ̀ ò wá sí wọn lẹ́nu mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun kan wé èkejì. Mo kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ tò kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yálà fún fídíò ìgbéyàwó ni o, tàbí ìwàásù, tàbí iṣẹ́ YouTube, tí kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa bá òun jà létí.

Wáàtì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń di ooru, ooru ló ń mú fáànù sáré, eré fáànù sì ni ariwo. Wáàtì yẹn kan náà ló ń gbẹ bátìrì ínfátà wa lóru. Ẹni tó bá yan ohun tí kì í jẹ iná púpọ̀ ti fi owó kan ra ìdákẹ́jẹ́ àti wákàtí iṣẹ́ pọ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni wáàtì, bí mo ṣe sọ. Ẹ rántí gílóòbù oníwáàtì 60 ayé àtijọ́, tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn bó bá ti tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ oníwáàtì 65 dà bí ẹni pé ẹ gbé ọ̀kan nínú gílóòbù yẹn sínú àpótí irin. Èyí tó ń jẹ 250 jẹ́ gílóòbù mẹ́rin nínú àpótí kan náà, ẹ ò sì lè ṣí ìdérí.

Èkejì ni bí fáànù ṣe tóbi tó. Bí fáànù bá fi ìdajì eré rẹ̀ yí, ariwo rẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) 15 lọ sílẹ̀, etí èèyàn sì máa ń gbọ́ dẹ́síbẹ̀lì 10 tó dín bí ẹni pé ariwo ti di ìdajì. Ìdí nìyẹn tí fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ fi sàn ju kékeré tó ń sáré lọ, bí atẹ́gùn tí wọ́n ń fẹ́ bá tilẹ̀ dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni ooru ibi tí a ń gbé. Dígírì tí yàrá bá fi gbóná sí i ni CPU náà máa fi gbóná sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú yàrá tútù ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì ní kò dún rárá. Ẹ gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta, kí òjò tó dá sí i, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin ni irú fídíò tí kámẹ́rà yín ń gbà, nítorí ó lè sọ CPU olówó kékeré di ọ̀gá lórí olówó ńlá. Ẹ̀karùn-ún ni àtúnṣe: bó bá bàjẹ́, ṣé a máa rí ìrọ́pò rẹ̀ ní Sábó tàbí ní Under G lẹ́bàá LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, àbí Ìbàdàn ni, àbí Computer Village ní Ìkẹjà? Ní ti owó, iye tí wọ́n fi gbé ọjà kọ̀ọ̀kan jáde ní dọ́là ni mo máa lò, nítorí iye náírà tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á.

CPU ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu

Kámẹ́rà máa ń ká fídíò kí ó lè kéré, bí ìgbà téèyàn ká aṣọ òkè sínú báàgì kékeré. Kí ẹ tó lè wò ó lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan kan ní láti tú u ká, fírémù kan tẹ̀ lé òmíràn. Bó bá jẹ́ agbára CPU lásán ló ń ṣe é, ooru máa gorí, fáànù máa ké, fídíò náà á sì máa já kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹ ṣe ń fa táímùláìnì, ìlà tí a ti ń to fídíò. Bó bá jẹ́ pé apá kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, kò ní tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa yin Intel Core i5-12400 nìyẹn. Ọdún 2022 ló jáde, dọ́là 192 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Ó ní core 6 (ẹ̀ka tó ń pín iṣẹ́ ṣe), wáàtì 65 ni ìwọ̀n rẹ̀, bó bá sì fi gbogbo agbára sáré fún ìgbà díẹ̀ kò ju 117 lọ. Inú rẹ̀ ni Quick Sync wà, apá tí Intel ṣe fún títú fídíò àti kíká a padà. Quick Sync yìí lè tú H.265 oní-4:2:2 10-bit, irú fídíò kíká tó ń pa àwọ̀ púpọ̀ mọ́, èyí tí kámẹ́rà bíi Sony A7 IV àti FX30 máa ń gbà, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ya òde. Káàdì àwòrán NVIDIA ò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí títí di RTX 50 tó jáde lọ́dún 2025. Mo ti rí ẹni tó ra káàdì ńlá, tí fídíò rẹ̀ sì ń já, nígbà tí kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì kankan ń fa fídíò kan náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹ ṣọ́ lẹ́tà kan o: F. Bí ẹ bá rí i5-12400F, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sí sikirínì ò sí nínú ẹ̀, Quick Sync náà ò sì sí. Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wu èèyàn. Ẹ gbé páálí rẹ̀ súnmọ́ ojú, kí ẹ ka orúkọ náà dé òpin, kí ẹ tó san owó.

Core i5-13500 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Core 14, wáàtì 65 náà ni ìwọ̀n rẹ̀, ó lè gòkè dé 154 bó bá ń rẹ́ńdà, ìyẹn bó bá ń gbé fídíò tó ti parí jáde. Dọ́là 232 ni wọ́n fi gbé e jáde. Bí iṣẹ́ yín bá ti ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó tí ẹ fi lé e kò ní dùn yín. Fún àwọn méjèèjì, ẹ lè ra mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó sí) tó ń lo RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) ti irú DDR4, tó ṣáájú DDR5, èyí tí tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣì wọ́pọ̀.

AMD Ryzen 7 7700 jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là 329. Core 8, wáàtì 65, àwọn tó ṣe é sì ti so ó mọ́lẹ̀ kí ó má bàa kọjá 88 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ ara yín tú u. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀: ooru rẹ̀ kì í déédéé fò sókè, nítorí náà fáànù kì í ké lójijì. Ojú ihò AM5 tó ń wọ̀ náà, AMD ti ṣèlérí láti máa ṣe CPU tuntun fún un títí di ọdún 2027 ó kéré tán, ìyẹn ni pé ẹ lè pààrọ̀ CPU lọ́la láì pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ibi tó kù sí ni pé DDR5 nìkan ló ń lò, ẹ̀yà àwòrán inú rẹ̀ kò sì lè tú 4:2:2 yẹn. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń gba fídíò, tàbí kámẹ́rà tó ń gba 4:2:0, tí àwọ̀ rẹ̀ kéré sí ti 4:2:2, ìyẹn ò kàn yín.

Core i9-14900K ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń lá àlá rẹ̀. Wáàtì 253 ló ń jẹ bó bá ń sáré. Ó yára, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, Intel fúnra wọn jẹ́wọ́ pé iná tó pọ̀ jù ń wọ àwọn CPU ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá tó lágbára, tó fi ń sọ wọ́n di aláìdúróṣinṣin. Wọ́n gbé àtúnṣe BIOS, ètò inú mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, jáde, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú tí wọ́n ṣe fún ẹni tó rà á. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan, ẹ rí i dájú pé BIOS rẹ̀ ti di tuntun. Bí ẹ ò bá tíì ní, fún ilé tí a fẹ́ kó dákẹ́, mi ò ní kí ẹ rà á.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Dell OptiPlex 7060 tàbí HP EliteDesk 800 G4 tó ní Core i7-8700 nínú jẹ́ ẹ̀rọ gidi: core 6, wáàtì 65, Quick Sync wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè tú 4:2:2. Ẹ mú èyí tó dúró lọ́ọ́rọ́ bí ilé gogoro, ẹ fi pẹlẹbẹ sílẹ̀, torí fáànù inú pẹlẹbẹ kéré, ó sì máa ń ké bí ẹfọn. Ẹ má ra èyí tó ní CPU ìran keje tàbí tó ṣáájú rẹ̀. Windows 11 kì í gbà wọ́n, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

HP Z440 náà pọ̀ nínú ọjà. Ó tóbi, ó wúwo, ó dà bí iṣẹ́ ńlá. Xeon E5-1650 v4 tó sábà máa ń wà nínú ẹ̀ ń jẹ wáàtì 140, kò ní ẹ̀yà àwòrán, kò ní Quick Sync, Windows 11 ò sì kà á mọ́ ara tirẹ̀. Owó tí ẹ fi pa mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, bátìrì ínfátà yín á máa san án padà díẹ̀díẹ̀.

Kúlà àti kéésì

Kúlà ni irin àti fáànù tó ń jókòó sórí CPU láti gba ooru rẹ̀. Èyí tó máa ń bá i5-12400 wá nínú páálí kéré. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń kù èlùbọ́ lẹ́yìn màmá.

Mo fi Thermalright Peerless Assassin 120 SE rọ́pò rẹ̀. Ilé irin méjì ló ní, fáànù méjì oní-mìlímítà 120, owó rẹ̀ kì í sábà ju dọ́là 40 lọ. Lórí CPU oníwáàtì 65, díẹ̀ ló kù kó máa sùn. Lọ́jọ́ tí màmá padà wá, mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn kéésì, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, kí n lè mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń jáde, torí etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Noctua NH-D15, ti àwọn ará Austria, dára jù ú lọ: fáànù oní-mìlímítà 140 méjì, ó lè pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, CPU tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ra Core i7-13700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó ronú nípa rẹ̀. Kí ẹ tó ra ọ̀kankan nínú wọn, ẹ wọn inú kéésì yín, nítorí wọ́n ga.

Kúlà olómi? Ó lẹ́wà lójú. Ó ní pọ́ǹpù tó ń kùn tọ̀sán-tòru, omi inú rẹ̀ sì ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá kú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Irin lásán kì í kú. Bí fáànù rẹ̀ bá bàjẹ́, mìíràn la máa so mọ́ ọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, ṣùgbọ́n fún ìlú wa, irin ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ kéésì ló fún mi ní àròjinlẹ̀ jù. Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ láti gba ariwo, bíi Define 7 ti Fractal Design ní Sweden, tàbí Silent Base ti be quiet! ní Jámánì. Èkejì ni èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá fàlàlà. Èèyàn á rò pé onífóòmù ló yẹ ká mú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fóòmù ń dí ooru mọ́nú bó ṣe ń dí ariwo. Bí yàrá bá ti gbóná, fáànù inú rẹ̀ á yára sí i, fóòmù á sì máa gbìyànjú láti bo ariwo tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Níbi tí yàrá ti tutù, fóòmù borí. Ní ilé tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, àwọ̀n pẹ̀lú fáànù oní-mìlímítà 140 méjì níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn, tí gbogbo wọn ń yí jẹ́jẹ́, ló máa ń dákẹ́ jù.

Àmọ́ àwọ̀n ń gba eruku. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ìyẹ̀fun pupa kan máa ń tẹ́ sórí gbogbo nǹkan ní ilé yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ra kéésì tí àsẹ́ eruku rẹ̀ ṣeé fà yọ láì tú nọ́ọ̀tì kankan, torí èyí tó bá ṣòro láti yọ, ẹ ò ní yọ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, mò ń fọ tèmi lọ́sẹ̀ méjì-méjì, mo sì ń jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí n tó dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìfẹ́-eruku fẹ́ inú rẹ̀, ẹ fi ìka kan di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú kí ó má yí. Bí atẹ́gùn yẹn bá gbá a yí ju eré tirẹ̀ lọ, bíárìn rẹ̀, irin tó ń yí lé lórí, lè bàjẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìgìrì.

Káàdì àwòrán: ṣé dandan ni?

Ó dọ́wọ́ ètò tí ẹ fi ń gé fídíò. Premiere Pro máa ń gbára lé CPU àti Quick Sync gan-an. DaVinci Resolve, orí káàdì ló ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí, pàápàá títún àwọ̀ ṣe àti yíyọ hóró-hóró kúrò lára àwòrán. Ẹ̀yà Resolve tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè gbé fídíò jáde títí dé Ultra HD, ìyẹn 3840 lọ́nà 2160 tí a ń pè ní 4K, ó sì tó ọ̀pọ̀ wa.

Bí ẹ bá ń gé, tí ẹ ń so, tí ẹ ń fi orúkọ àti orin sí i, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láì ní káàdì. Fáànù kan dín kù nìyẹn.

Bí ẹ bá nílò ọ̀kan, Intel Arc A380 ń jẹ wáàtì 75 péré, ó lè ká fídíò sí AV1, ọ̀nà kíká fídíò tuntun, ó sì lè tú H.265 4:2:2. Ó bá ẹni tó ní Ryzen mu dáadáa. RTX 4060 ń jẹ 115, dọ́là 299 ni wọ́n fi gbé e jáde lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n GB 8 ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, fídíò 4K pẹ̀lú iṣẹ́ àwọ̀ tó jinlẹ̀ sì lè kún un. RTX 3060 ti 2021 ní GB 12, ó ń jẹ 170, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì wà. Fún Resolve, mo fara mọ́ GB 12 yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ iná ju 4060 lọ. Káàdì tó kún máa ń dá iṣẹ́ dúró, èyí tó lọ́ra díẹ̀ á ṣì parí iṣẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ béèrè bóyá fáànù rẹ̀ máa ń dúró pátápátá nígbà tí iṣẹ́ ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí títí ooru á fi súnmọ́ dígírì 50 sí 60. Kí ẹ má sì mú oní-fáànù kan bí ẹ bá lè rí oní-fáànù méjì.

RAM àti ibi ìpamọ́

RAM kì í dún. GB 16 ni ìbẹ̀rẹ̀, GB 32 bó bá jẹ́ 4K. Ó parí.

Ibi ìpamọ́ ni kí ẹ fetí sí. Háàdì dísìkì ní irin tó ń yí nínú rẹ̀, ní alẹ́ ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ mọ́ ara kéésì. SSD ò ní ohun tó ń yí. Kámẹ́rà tó ń gba 4K ní mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa kó GB 45 jọ ní wákàtí kan, nítorí náà òde ìgbéyàwó kan lè gba GB 200 kí ẹ tó ṣe nǹkan kan. Ẹ fi SSD NVMe (pẹlẹbẹ tó ń wọ inú mọ́dàbọ́ọ̀dù) oní-TB 1 sínú fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, kí háàdì dísìkì ńlá wà níta, kí ẹ máa so ó mọ́ ọn kìkì nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó iṣẹ́ tó ti parí pa mọ́.

Páwà páàkì àti ínfátà

Lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò máa ń bo ariwo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Bó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ tí wọ́n ti pa gbogbo wọn, tí àwọn ọmọ ti sùn nínú yàrá kejì, ìgbà yẹn ni etí máa ń mọ ohun tó wà lábẹ́ tábìlì. Ìgbà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣiṣẹ́, lórí bátìrì.

Ẹ ra páwà páàkì, ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, tó ju ohun tí ẹ nílò lọ díẹ̀: oníwáàtì 550 tàbí 650, tó ní àmì 80 PLUS Gold, irú èyí tí fáànù rẹ̀ máa ń dúró bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́. Seasonic àti Corsair RM ní irú rẹ̀. Gold túmọ̀ sí pé iná tó ń ṣòfò nínú páàkì fúnra rẹ̀ kéré. Ẹ má fowó pa mọ́ níbí. Èmi ti lo páàkì kan tí kò lórúkọ rí; ọjọ́ tó jó, mọ́dàbọ́ọ̀dù bá a lọ, pẹ̀lú fídíò ìsìnkú tí mi ò tíì fi jíṣẹ́.

Ínfátà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ dọ́gba bíi ti ìjọba, pure sine wave ni ẹ ó rí lára páálí rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí páwà páàkì òde òní máa kùn ṣáá, nígbà míì kí ó kú lójijì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pààrọ̀ fáànù, wọ́n ti pààrọ̀ kéésì, nígbà tó jẹ́ pé ínfátà gan-an ló ń kùn nínú kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bátìrì kan oní-12V 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2400. Bó bá jẹ́ bátìrì olójé (lead-acid), a kì í lò ó kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Bí ẹ bá yọ ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, nǹkan bí 1000 ló kù. i5-12400 tí kò ní káàdì, pẹ̀lú sikirínì rẹ̀, máa ń jẹ nǹkan bí 100 bí mo bá ń gé fídíò: wákàtí mẹ́wàá. Ẹ fi RTX 3060 kún un kí ẹ máa rẹ́ńdà, ó lè dé 300: wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. 14900K pẹ̀lú káàdì ńlá lè kọjá 500, bátìrì yẹn ò sì ní gbé e dé wákàtí méjì.

Mac mini, fún ẹni tí kò fẹ́ tò rárá

Mi ò lè parí ìfiwéra yìí kí n má dárúkọ rẹ̀. Mac mini M4 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, dọ́là 599, pẹ̀lú RAM GB 16. Bó bá jókòó lásán, wáàtì 4 ló ń jẹ. Bó bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, 65 ni òpin rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ náà lápapọ̀. Ó ń tú H.265 4:2:2 láì mí gúlegúle. Ẹ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, ìyá àgbà kankan ò ní béèrè ẹni tó ń kù èlùbọ́.

Ohun tó mú kí n má rà á ni pé RAM tí ẹ bá rà á pẹ̀lú rẹ̀ ni ẹ ó lò dé òpin, GB 256 tó bá a wá sì kún kí òde méjì tó parí, ẹ ó ní láti ra SSD ìta. Bí nǹkan kan bá jó nínú rẹ̀, ẹ máa wọ mọ́tò ni. Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi tò, mo lè tún un ṣe ní Sábó láàárín ọjọ́ kan, mo sì lè fi apá kan rẹ̀ kún òmíràn.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gé fídíò fóònù ní Under G, tówó rẹ̀ ò tó: OptiPlex 7060 onílé gogoro pẹ̀lú i7-8700, SSD tuntun, RAM GB 16. Ẹ kọ́kọ́ fọ eruku inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ páàsìtì tó wà láàárín CPU àti kúlà rẹ̀, torí èyí tó bá a wá láti òkè òkun sábà máa ń ti gbẹ. Àtúnṣe yẹn nìkan lè dín ariwo rẹ̀ kù lọ́nà tó máa yà yín lẹ́nu.

Ẹni tó ń ya òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú pẹ̀lú kámẹ́rà 4:2:2, tó ń lo Premiere: i5-12400 tàbí 13500, kúlà Peerless Assassin, kéésì aláwọ̀n, RAM GB 32, láì sí káàdì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó káàdì ra ínfátà gidi.

Ẹni tí àwọ̀ àti Resolve ni iṣẹ́ rẹ̀: 13500 pẹ̀lú RTX 3060 GB 12. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ 3D náà wà níbẹ̀, tí kámẹ́rà rẹ̀ ò sì ń gba 4:2:2, Ryzen 7 7700 ni kó mú dípò, kó lè máa pààrọ̀ CPU lọ́jọ́ iwájú.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo tí ìdílé ń sùn sí, tí bátìrì rẹ̀ kéré, tó sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: Mac mini, pẹ̀lú SSD ìta oní-TB 1.

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kan náà tó ti ń gé fídíò, bíi tèmi: èyíkéyìí nínú wọn tí kò ju wáàtì 65 lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sórí tábìlì máìkì. Ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, lórí fóòmù pẹlẹbẹ kan kí ilẹ̀ má bàa máa gbe gbígbọ̀n rẹ̀, kí ó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ọwọ́ kan kí ooru lè rí ọ̀nà lọ. Kí ẹ sì yí ẹ̀yìn máìkì sí i, kì í ṣe ojú.